Ìpara Ìda Oyin

Kí Ìyá Onídìrí ilé wa ní àdúgbò Runjin Sambo tó bu ìpara fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á kọ́kọ́ fi díẹ̀ kan ẹ̀yìn ọwọ́ ara wọn bóyá ó ṣì gbóná, wọ́n á sì tètè nù ún kúrò. Ìda oyin àti òrí ni wọ́n ń yọ́ pọ̀ nígbà ọyẹ́. Lọ́dún tí mo ṣe agùnbánirọ̀ ní Sókótó, ìpara yẹn ló wo gìgísẹ̀ mi tó là sàn. Ó sì lè jẹ́ ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ní kí n máa wọ̀ sùn ni. N kò lè búra.

Ohun tí kò yé mi ni pé ìka tiwọn là, ó ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Màmá, ẹ fi pa á."

"Haba, kọ́pà! Ọwọ́ tó ń yọ̀ ló máa di òwú mú? Àbí ìwọ lo máa bá mi dirun?"

Nígbà tí wọn ò lè di òòyà mú mọ́, wọ́n sinmi iṣẹ́, wọ́n sì ń pa á. Ìka náà sàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, òwú ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ní bóyá òrí ló kù lára ọwọ́ wọn. Wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ṣì ń yọ̀. Oníbàárà gbé irun ààbọ̀ kọjá sọ́dọ̀ onídìrí òdìkejì.

"Kọ́pà tó kàwé, èwo ni kí n mú, ọwọ́ ni àbí iṣẹ́?"

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé gbogbo abọ́ ìpara náà wá, wọ́n ní kí n gbé e síbi tí ojú wọn ò ti ní tó o.