Wọ́n Ní Kí Àwọn Ọmọ Máa Sáré Lọ

Àǹtí Rọra ti kú. Orúkọ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fún olùkọ́ eré ìdárayá wọn nìyẹn. Orí pápá ló ṣubú sí lọ́sàn-án gangan, níwájú àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ tó jókòó sábẹ́ ìbòòji. Àwọn ọmọ tó ń sáré tẹ̀ lé e dúró. Ọ̀gá ilé-ìwé gba gbohùngbohùn, ó ní, "Ta ló ní kẹ́ ẹ dúró? Ẹ máa sáré lọ!"

Àwọn ọmọ sì sáré gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn àlejò ń pàtẹ́wọ́.

Ọmọ àbúrò mi wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ. Kí Àǹtí Rọra tó dé, ìdí ògiri ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa ṣọ́ bàtà àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìlànà àtijọ́ nìyẹn: ẹ tò, ẹ yan bíi sọ́jà, ẹ sáré yí pápá ká. Ẹni tó bá kẹ́yìn, kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́, kí àwọn yòókù máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé ẹ̀kọ́ nìyẹn, àbí ìwọ̀sí?

Àǹtí Rọra pa gbogbo ìyẹn tì. Ohun tí ara ọmọ kọ̀ọ̀kan lè ṣe ló ń wá. Ó wo ọmọ wa, ó ní, "Ọwọ́ tìrẹ yá jù. Wá máa ṣọ́ gólì fún wa." Lọ́jọ́ náà, ọmọ wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àbúrò mi fẹ́ jágbe mọ́ ọn, àfi bó ṣe rí i tí ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Ńṣe ni àbúrò mi bú sẹ́kún.

"Eré ọmọdé lò ń kọ́ wọn," ni ọ̀gá máa ń wí. Nígbà tí àwọn aláṣẹ fẹ́ wá, ó ní ìlànà àtijọ́ lòun fẹ́, olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò sì ṣíwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àyà ń dùn mí. Dókítà ní kí n sinmi."

"Olùkọ́ eré ìdárayá tí kò lè sáré? Kí lo wá wúlò fún?"

Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Ó dá a lóhùn pé, "Bí ẹlòmíràn bá ṣíwájú, á sáré àsápajúdé, ojú á sì ti àwọn tí ò lágbára. Èmi á rọra sá a."

Ó rọra sá a lóòótọ́. Ọ̀gá ló ń pariwo, "Yára! Yára!"

Aṣọ́nà àti ìyá tó ń gbálẹ̀ ló gbé e lọ sí yàrá ìtọ́jú. Páálí ohun mímu àwọn àlejò ló kún orí bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ̀ ìjọba tò bẹẹrẹ lẹ́nu ọ̀nà, kò sí èyí tó gbé e. Kí wọ́n tó rí takisí, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Níbi ìsìnkú, ọ̀gá yìí kan náà gbé òdòdó wá, ó pè é ní akíkanjú. Ẹ lé aláìsàn títí ó fi kú, ẹ wá ń pọ́n òkú rẹ̀ lé! Wọ́n ní orúkọ rẹ̀ làwọn máa fi pe pápá náà. Ọmọ wa ní òun ò ní tẹ ibẹ̀ mọ́.

A ò fẹ́ orúkọ lára pátákó. Ẹ yọ ọkùnrin yẹn nípò, kí ìwádìí bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin aláṣẹ tẹ́ ẹ jókòó níbẹ̀, ó kàn yín. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín lọ bá ọkọ rẹ̀ nílé, kó wò ó lójú, kó sọ ìdí tí òun ò fi dìde.