Òòbẹ̀ Inú Àjà

Bí o bá ti gbóòórùn òòbẹ̀ rí nínú àjà ilé tí wọn ò ṣí láti ọdún gbọ́ọrọ́, wàá mọ̀ pé kì í ṣe inú imú nìkan ló ń wọ̀. Ó ń wọ aṣọ, ó ń wọ irun, ó ń bá èèyàn dénú oúnjẹ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kún fún ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn Ọjà Ọba l'Adó ni mo ti kọ́kọ́ gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì pọ̀ nígboro, ṣùgbọ́n ta ni yóò gun àjà lọ kó ìgbẹ́ òòbẹ̀? Mo ní èmi ni. Ká má parọ́, kì í ṣe ìgboyà. Ọmọ ọwọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, kò sì sí ohun tó ń rùn nímú mi mọ́.

Bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa, wọn ò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Àwọn àgbà gbé e lọ, wọ́n padà dé, wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo ní ẹ ṣé. N ò sunkún. Mo gbà pé ọkọ mi mọ ibẹ̀, pé ńṣe ló ń fi pamọ́ fún mi, n ò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ kọjá pé oúnjẹ wà lórí tábìlì.

Ìyá tó ni ilé náà fẹ́ kí iṣẹ́ parí kíákíá, torí àwọn ayálégbé rẹ̀ ti ń múra àtikó jáde. Ó ní bí mo bá ṣe é dáadáa, òun yóò júwe mi fún àwọn onílé yòókù. Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí àwọn òòbẹ̀ ti fò jáde lọ jẹun, bàbá káfíńtà ará Ìjan tí mo háyà fi pákó kan gbogbo ihò abẹ́ òrùlé pa. Nígbà tí a padà dé láàárọ̀ kùtù, àwọn òòbẹ̀ ti rọ̀ mọ́ pákó náà láti ìta, wọ́n ń fi apá lù ú. Àwọn nǹkan kéékèèké kan sì ń han nínú àjà.

Bàbá náà mi orí. "Àwọn ìyá ni," ó ní. "Ọmọ wọn tí kò tíì lè fò ló wà nínú ulé."

Mo ní kó yọ pákó. Ó rán mi létí pé ìyá onílé ò ní gbà. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́." Lóòótọ́, ìyá náà bínú, ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi kí ọ̀sán tó pọ́n. Kò tilẹ̀ dùn mí. Mo rìn délé, mo bi ọkọ mi léèrè ibi tí ọmọ wa wà.

Ó wolẹ̀. "Èmi náà ò mọ̀," ó ní. "Wọn ò jẹ́ kí n tẹ̀lé wọn."

Ibẹ̀ la ti jọ bú sẹ́kún. Láti ìgbà náà, mo ti kó ìgbẹ́ òòbẹ̀ káàkiri Èkìtì, n kì í sì í kan ihò pa láìkọ́kọ́ tẹ́tí sínú àjà. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ni mo rí gbà nídìí iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn. Mo ti ń bínú sí i kí ọjọ́ yẹn tó dé, àṣé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun náà síta.