Bí Òrí Ṣe Ba Ọwọ́ Ẹ̀rọ Jẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yin òrí fún mi. Mo mọ̀ pé láìgbìn ni igi rẹ̀ ń hù káàkiri Ṣakí, mo sì mọ gbogbo ohun tó wúlò fún. Inú ṣì ń bí mi sí i.

Nígbà ìjọba ológun, ilé ìwòsàn kan nílùú wa ra ẹ̀rọ tí ń yàwòrán inú aboyún. Ó ní ọwọ́ kan tí dókítà máa ń fà kiri orí ikùn. Ọwọ́ yìí ló ń rán ìró tí etí kò lè gbọ́ wọnú lọ, ìró náà á sì padà wá di àwòrán. Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bo ẹnu rẹ̀. Omi yíyọ̀ kan ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi pa ikùn. Nígbà tí omi náà tán, tí òmíràn kò dé, wọ́n ní kí aboyún kọ̀ọ̀kan máa mú òrí wá láti ilé.

A tilẹ̀ ń fi ṣe fáàrí. Ẹni tí òrí tirẹ̀ bá dúdú, ó di ẹni yẹ̀yẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ọmọ kí n tó lóyún, nítorí náà ìyá ọkọ mi fúnra wọn ló lọ wá èyí tó mọ́ tónítóní.

"Ìyàwó," wọ́n ní, "òrí tí à ń fi pa ọmọ tuntun lára, kí ló máa bà jẹ́?"

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọ̀rá òrí wọ inú rọ́bà náà, ó wú, ó sì sán. Nígbà tó kàn mí, kùrukùru ọyẹ́ ni mo rí lójú ẹ̀rọ.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ẹ rí nǹkan?"

"Madaamu, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọ wà dáadáa, ibi ọmọ náà wà lókè níbi tó yẹ. Ẹ lè bí i lọ́dọ̀ agbẹ̀bí àdúgbò yín."

Irọ́ ni. Kò rí nǹkan kan, ojú ló tì í láti sọ ọ́. Ẹnu ọ̀nà tí ọmọ ń gbà jáde gan-an ni ibi ọmọ dí pa. Nígbà tí mo rọbí, ẹ̀jẹ̀ ló ṣáájú, agbẹ̀bí sì ní kí wọ́n sáré gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Kí a tó débẹ̀, ọmọbìnrin mi ti kú sínú. Wọ́n yọ ilé ọmọ mi kí èmi náà má bàa bá a lọ.

Ìyá ọkọ mi ní àmúwá Ọlọ́run ni.

Nọ́ọ̀sì kan ló sọ fún mi pé atúnẹ̀rọṣe tó wá láti Ìbàdàn bó rọ́bà náà bí èèpo iṣu sísè, ó ní ọwọ́ yẹn ì bá pẹ́ láyé ká ní òrí kò kàn án. Wọ́n ra tuntun. Dókítà tún ń ríran, aboyún sì tún ń tò síwájú yàrá rẹ̀. Èmi kò ní ohun tí n ó tò fún mọ́.