Ilé Tí Kò Ní Jò Mọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́nu àìpẹ́ yìí, torí bí mo bá tún gbé e mì, á há mi lọ́fun. Mo ti dàgbà, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọmọ àbúrò mi ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé sórí fóònù. Ẹ má wo gígùn rẹ̀, ẹ bá mi kà á tán.

Àpótí ìjókòó kékeré kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi báyìí. Félicité, àbúrò mi, ló ni ín. Òun ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Òun àti ọ̀rọ̀ kékeré kan báyìí: "jò."

Félicité ni àbígbẹ̀yìn ìyá wa. Ẹ̀yìn mi ló dàgbà sí. Nígbà tó wà ní kékeré, ikọ́ fée a máa mú un, pàápàá bí ọyẹ́ bá dé. Ìyá wa a ní kí n gbé e síta láàárọ̀, kí n gbé e ka orí àpótí yẹn lábẹ́ igi ọsàn, kí n máa fọwọ́ pa á lẹ́yìn títí èémí rẹ̀ á fi balẹ̀. Nígbà tó di ọmọge, àìsàn náà lọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní ṣọ́ọ̀ṣì, a sì gbàgbé rẹ̀.

Ilé ìgbẹ̀bí kan lójú ọ̀nà Ikpinlè ló ti ń ṣiṣẹ́, láàárín oko àgbàdo àti ọ̀pẹ. Kì í ṣe agbẹ̀bí. Olùrànlọ́wọ́ ni: ó ń fọ yàrá, ó ń se omi, ó ń di àwọn tó ń rọbí lọ́wọ́ mú. Ilé náà ti gbó. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, páànù rẹ̀ a gbóná débi pé àwọn ìyálọ́mọ a tẹ́ ẹní síta. Lásìkò òjò ńkọ́? Abọ́ ni Félicité ń gbé sábẹ́ ibi tó ń jò, bẹ́ẹ̀dì ló ń wọ́ láti igun dé igun. Ẹni tó bá mọ Adja-Ouèrè, ìlú wa, mọ̀ pé òjò tiwa kì í ṣeré, ilẹ̀ dúdú wa a sì máa gba omi pamọ́ bí ẹni tó ń di kùnrùngbùn. Ohun kan tó dára lára ilé yẹn ni bíríkì oníhò tó yí òkè ògiri ká. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé. Alángbá pẹ̀lú ń gba ibẹ̀ wọlé, n kò ní parọ́!

Ìjọba wá sọ pé àwọn máa tún ilé náà ṣe lọ́nà tí kò fi ní jẹ iná mànàmáná púpọ̀. Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú mi dùn, torí àwọn kan ti ń sọ kiri pé èmi ò fẹ́ ìlọsíwájú.

Wọ́n pe ìpàdé sí iwájú ilé ìgbẹ̀bí. Ẹnjiníà kan, ọ̀dọ́kùnrin, wá láti Cotonou, ó ń sọ Faransé. Ẹni tí wọ́n ní kó máa túmọ̀ rẹ̀ ni Barnabé.

Ta ni Barnabé? Èmi àti ẹ̀ la jọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí ipò dìrẹ́tọ̀ ṣófo ní ilé ìwé wa, èmi ló kàn. Òun ni wọ́n fún. Wọ́n ní obìnrin ò lè jẹ́ ọ̀gá fún àwọn ọkùnrin tó láya nílé. Òun náà ti fẹ̀yìn tì, gbogbo ìlú ṣì ń pè é ní Dìrẹ́tọ̀. Èmi kì í pè é bẹ́ẹ̀. Faransé rẹ̀ kò jinlẹ̀ nígbà náà, kò sì jinlẹ̀ dòní. Ṣé kí n torí pé mo ti dàgbà kí n máa bá wọn purọ́ ni?

Ẹnjiníà náà ṣàlàyé dáadáa. Ó ní àwọn á yí páànù padà, àwọn á tẹ́ nǹkan tó dà bí òwú sábẹ́ rẹ̀ kí oòrùn má baà wọlé, àwọn á sì dí gbogbo ihò ògiri kí afẹ́fẹ́ tí kílíìmù, ẹ̀rọ amúlétutù, bá ti mú tutù má lè jáde. Ó ní ilé náà á di étanche. Ẹ̀yin tó gbọ́ Faransé mọ̀ ọ́n: ohun tí wọ́n dí pa, tí nǹkan kan ò lè gbà kọjá, ì báà ṣe omi, ì báà ṣe afẹ́fẹ́.

Barnabé ha ọ̀fun. Gbogbo àlàyé gígùn yẹn, gbólóhùn kan ló fi kó o: "Wọ́n ní ilé yìí kò ní jò mọ́."

Ẹ ò rí bí àwọn ènìyàn ṣe pàtẹ́wọ́! Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ orin. Félicité, tó ti fi ọdún gbogbo gbé abọ́ sábẹ́ páànù, jó débi pé gèlè rẹ̀ já bọ́. Ta ni ò ní jó?

Mo dìde. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe omi nìkan ni ẹnjiníà ń sọ. Mo ní afẹ́fẹ́ ló ní kò ní jò. Bí wọ́n bá dí gbogbo ihò yẹn, ibo ni ẹni tó ń rọbí á ti rí èémí fà?

Barnabé rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti sọ mí ní Dìkísọ́nẹ̀, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìwé tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní, "Màdáàmù Dìkísọ́nẹ̀, ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Àbí ẹ̀yin fẹ́ kó máa jò?"

Ẹ̀rín bú. Félicité pàápàá rẹ́rìn-ín, ó sì fà mí láṣọ pé kí n jókòó.

Ẹnjiníà béèrè ohun tí mo sọ. Ẹ mọ èsì tí Barnabé fún un? Ó fi Faransé sọ pé màmá ń dúpẹ́ ni! Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ.

Mo dúró de ẹnjiníà lẹ́bàá ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé, mo fi Faransé bá a sọ̀rọ̀. Ojú tì í díẹ̀. Ó ní òótọ́ ni mo sọ, pé wọ́n ti rò ó tẹ́lẹ̀: fáànù kéékèèké máa wà lára ògiri, tí yóò máa fa afẹ́fẹ́ tó ti bàjẹ́ síta, tí yóò sì máa mú tuntun wọlé. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa wọ́n láé. Ó bẹ̀ mí pé kí n fọkàn balẹ̀. Mo fọkàn balẹ̀.

Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, ilé náà dára. Kí n sọ òótọ́: mo jókòó nínú rẹ̀ lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, ara mi tutù. Àwọn ìyálọ́mọ ń sùn bí ọmọ wọn. Félicité pè mí lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó dà bíi pé mo ń ṣiṣẹ́ ní Cotonou."

Wọ́n wá fi Barnabé ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó ilé náà.

Kò pẹ́ tó fi ní kí wọ́n pa àwọn fáànù yẹn. Ó ní wọ́n ń pariwo, wọ́n sì ń jẹ iná, bẹ́ẹ̀ torí àti dín iná kù ni wọ́n ṣe tún ilé ṣe. Ó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí fèrèsé. Fèrèsé wo? Gíláàsì ńlá tó jẹ́ pé ẹyọ kan péré ló ń ṣí ní yàrá kọ̀ọ̀kan!

Òjò dé. Lóòótọ́, ilé náà kò jò. Ẹ̀kán omi kan ò wọlé. Ṣùgbọ́n omi inú ilé náà kò rí ọ̀nà jáde: oru omi gbígbóná, aṣọ tí wọ́n sá sínú yàrá, ilẹ̀ tí wọ́n ń fi jáfẹ́lì, oògùn apakòkòrò olóòórùn líle, fọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, èémí àwọn ènìyàn. Ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ọ̀dà tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í bu, ó di dúdú ní igun, lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ọmọ ọwọ́ ń sín. Òórùn jáfẹ́lì kò sì tún jáde mọ́ nínú aṣọ Félicité.

Lẹ́yìn náà, ikọ́ rẹ̀ padà dé.

Mo gbọ́ ọ kí òun tó sọ. Ó wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú, ó ń rẹ́rìn-ín, ìró fée sì ń bọ̀ lábẹ́ ẹ̀rín náà. Mo ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní ta ni yóò máa di àwọn obìnrin lọ́wọ́ mú? Ó ní kí n fún òun ní àpótí ìgbà èwe òun, kí òun máa gbé e sábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé ìgbẹ̀bí, kí òun máa fi sinmi. Mo fún un. Ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà tó láti jẹ́ ìyá àgbà, ó gbé àpótí ọmọdé lé orí itan, ó gun ọ̀kadà lọ.

Ó bẹ Barnabé nípa àwọn fáànù. Barnabé dá a lóhùn pé àwọn tó ń bọ̀ wá yẹ ilé wò gbọ́dọ̀ rí i pé iná tó ń jẹ ti dín kù. Ó tún ní kí òṣìṣẹ́ yéé jókòó síta bí ẹni tó ń tajà.

Mo wọ aṣọ, mo lọ bá Barnabé nílé. Ó fún mi ní omi, ó sì bi mí léèrè àlàáfíà. Mo sọ fún un pé àbúrò mi ń kú lọ nínú ilé yẹn. Ó ní ikọ́ kì í ṣe ẹjọ́ ilé, pé ikọ́ Félicité ti wà kí ilé tó wà. Mo ní kó tan fáànù. Ó ní, "Màdáàmù, ilé tí kò ní jò ni mo ṣèlérí fún wọn. Ṣé ó ń jò?"

Ọ̀sán ọjọ́ ọjà kan ni wọ́n pè mí. Félicité ń fọ yàrá ìgbẹ̀bí lọ́wọ́, èémí há a mọ́ àyà. Kí n tó dé, wọ́n ti gbé e bọ́ sábẹ́ máńgòrò. Ó di apá mi mú. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Páńpù oògùn ikọ́ fée tó ń fà sẹ́nu ti tán. Wọ́n ń gbé e lọ sínú ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ó ń mi orí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n jókòó síta díẹ̀."

Mo ní rárá, a gbọ́dọ̀ yára. Ọkọ̀ kò tíì fi ìlú sílẹ̀ dáadáa tí mo fi mọ̀ pé ọwọ́ tí mo dì mú kò di tèmi mú mọ́.

Dókítà kò sọ pé ilé ló pa á. Èmi náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní àìsàn náà ti wà lára rẹ̀ láti kékeré. Ó kàn bi mí léèrè ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ àti bí ibẹ̀ ṣe rí. Mo ṣàlàyé.

Barnabé wá bá wa kẹ́dùn. Àwọn ènìyàn kún ilé. Ó yin Félicité, ó yìn ín dáadáa. Mo jẹ́ kó parí. Mo wá bẹ̀ ẹ́, níṣojú gbogbo ènìyàn, pé kó túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan fún mi. Mo ní kí ni étanche?

Mo ti ń dúró de ọjọ́ yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti gba ipò mi. Mo rò pé yóò jà. Mo ti pèsè ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Ó wo ilẹ̀. Ó tẹ orí sún mọ́ etí mi, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọ tí kò mọ iṣẹ́ ilé rẹ̀. Ó ní, "Omi ni mo rò. Omi nìkan ni mo rò."

Kò mọ̀ ọ́n! Láti ọjọ́ ìpàdé, kò mọ̀ ọ́n. Ó rò pé fáànù wọ̀nyẹn jẹ́ fún fàájì ni, bíi kílíìmù kejì. Ojú tì í láti béèrè lọ́wọ́ mi, torí pé èmi ni. Mo ti fẹ́ kó jẹ́ ìkà. Ìkà ni mo lè bá jà. Kí ni mo fẹ́ fi àìmọ̀ ṣe? N kò dárí jì í. Ẹ má bá mi sọ ọ́.

Mo pe ẹnjiníà fúnra mi. Ó wá. Wọ́n tan àwọn fáànù, wọ́n gé fèrèsé tó ń ṣí sí òkè ògiri, wọ́n ha ebu kúrò, wọ́n tún ọ̀dà kùn. Òrùlé kò jò, yàrá tutù, iná tó ń jẹ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, ènìyàn sì ń mí. Ó ṣeé ṣe! Gbogbo rẹ̀ ló ṣeé ṣe papọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn jù.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé. Kí ilé ìjọba dín iná kù, ó dára. Ṣùgbọ́n ilé kì í ṣe ìgò epo. Ènìyàn ló ń gbé inú rẹ̀, ènìyàn sì ní láti mí.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ ọmọ, tó ń tọ́jú aláìsàn, tó ń jókòó ní ọ́fíìsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, ṣé fèrèsé yín ń ṣí? Ṣé ikọ́ kan ti wọlé tí kò sí tẹ́lẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo ń ka gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá sì pè yín sí ìpàdé, tí wọ́n ní ilé yín kò ní jò mọ́, kí ẹ tó pàtẹ́wọ́, ẹ bá mi dìde, ẹ béèrè: kí ni kò ní jò? Omi ni, àbí èémí wa?