Fáàfù Bàbá Dá-a-padà

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá tuntun dé ibi iṣẹ́ kànga epo, Bàbá Dá-a-padà ló kọ́kọ́ bá nídìí fáàfù ńlá, irin tí wọ́n fi ń sé epo inú ọ̀pá tàbí tí wọ́n fi ń ṣí i sílẹ̀. Bàbá ń yí sítíárìn irin orí rẹ̀, ó ń ka iye ìgbà tó yí i. Nígbà tó pé mẹ́rìnlá, sítíárìn ò lọ mọ́. Bàbá mí kanlẹ̀, ó wá dá a padà díẹ̀.

“Bàbá, ṣé ẹ ń ṣí i ni àbí ẹ ń tì í?”

“Mò ń tì í ni, ọ̀gá mi.”

“Ẹ sì dá a padà?”

“Kó lè tì dáadáa ni.”

Orí ọ̀gá dàrú. Ó ní kí Bàbá lọ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, pé òun ò lè fi kànga sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ṣíṣí yàtọ̀ sí títì. Òun fúnra rẹ̀ wá fún fáàfù náà pa pinpin. Nígbà tí àkókò tó láti ṣí i, ọkùnrin mẹ́ta rọ̀ mọ́ sítíárìn, kò mira. Wọ́n sáré lé Bàbá bá lẹ́nu géètì, wọ́n ní kó jọ̀ọ́, kó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá ní ó dáa, kí òun kọ́kọ́ ti géètì. Ó tì í, ó sì dá a padà díẹ̀.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ gbọ́ ìtàn yìí bí ìgbà ogún, síbẹ̀ kò yé e. Bàbá bá gé búrẹ́dì pẹlẹbẹ, ó lu ihò sí apá kan rẹ̀, ó kì í sáàárín ọ̀pá ike méjì tó kojú síra wọn.

“Irin pẹlẹbẹ tó ní ihò báyìí ló wà nínú fáàfù. Bí ihò bá ko ojú ọ̀pá, epo á kọjá. Bí ibi tó dí bá ko ojú ọ̀pá, ó parí. Má fi í sí agbedeméjì láé, torí iyanrìn inú epo á jẹ irin náà bí eku ṣe ń jẹ ọṣẹ.”

“Kí lẹ wá ń dá a padà sí?”

“Epo fúnra rẹ̀ ló ń ti irin náà mọ́ ẹnu ọ̀pá kejì. Bí mo bá fún un pa, kò ní ráyè sún.”

Ọmọ náà mi orí bí ẹni tó yé. Ìyá àgbà, ìyàwó Bàbá, wọlé, ó wo tábìlì títí, ó ní ta ló lu oúnjẹ àárọ̀ òun ní ihò.

Nínú ilé yẹn, kò sí ìlẹ̀kùn tí Bàbá tì tó tì. Tó bá wà ní ilé ìwẹ̀, ńṣe ló máa ń kọrin kí wọ́n má baà já wọlé bá a. Ogójì ọdún gbáko ni ìyá àgbà fi bá a jà lórí ẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá, ìyá àgbà ní òun máa ti yàrá ọkọ òun pa, òun ò sì ní ṣí i mọ́. Ọkàn ọmọ náà ò balẹ̀, torí ibẹ̀ ni bàtà iṣẹ́ Bàbá wà, ibẹ̀ náà sì ni Bàbá ti máa ń bá a wo iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Ó tẹ̀ lé ìyá àgbà dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá àgbà fa ìlẹ̀kùn, ó pa á dé. Ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rọra dá a padà, bí ìwọ̀n ìka mẹ́ta.

“Ìyá àgbà, ṣé ẹ ń ṣí i ni àbí ẹ ń tì í?”

Ìyá àgbà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

“N ò mọ̀, ọmọ mi. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.”