Ẹ̀rọ Bàbá Kékeré

Lánàá, mo gbóòórùn òjé tí wọ́n ń yọ́ ní ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe rédíò, omi sì lé sí mi lójú. Kì í ṣe ìbànújẹ́. Bóyá àárò ilé ni, bóyá ẹ̀rù pé mo ti ń gbàgbé rẹ̀.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, fi òjé yíyọ́, agolo sàdíìnì àti bátìrì mọ́tò ṣe ẹ̀rọ tó fi ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Èkó sọ̀rọ̀ láti Ifangni, ìlú wa ní orílẹ̀-èdè Benin. Wáyà rẹ̀ gba orí igi ọsàn dé orí ọ̀pẹ, àwọn ìyàwó ilé sì ń sá aṣọ sí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá mi, tí ó ti pẹ́ tí kò wálé, wà nídìí ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ náà ní Èkó. Ìyá Àgbà fẹ́ pè é wálé.

"Màmá, ẹ tètè sọ ọ́, bátìrì ò lágbára," ni Bàbá Kékeré wí.

"Ṣé ẹran ni mí, tí mi ò ní kí èèyàn?" Ó tún gèlè ṣe. "Alóò, ọkọ mi! Ìyàwó ńkọ́? Onílé yín ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ńkọ́? Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ gan-an ni pé..."

Mo rí ìka ẹsẹ̀ Bàbá Kékeré tó ń fa wáyà kan lábẹ́ tábìlì. Mo rò pé bí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ nìyẹn. Ẹ̀rọ dákẹ́.

"Bátìrì ti kú," ni Bàbá Kékeré wí.

Ìyá Àgbà sunkún, èmi náà sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi bọ́ sílẹ̀ nínú tasí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyá mi, kí lẹ fẹ́ sọ? Mi ò fojú kan oorun!"

"Mo fẹ́ kí o wá ni."

Mo ti dàgbà kí n tó lóye pé bátìrì ọjọ́ náà kò kú.