Afẹ́fẹ́ Inú Pọ́ǹpù

Bàbá Ẹ̀kán ló ń tọ́jú pọ́ǹpù tó ń kán oògùn apakòkòrò sínú omi ẹ̀rọ. Oògùn ọ̀hún a máa hó. Bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá kún inú pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á kàn máa lù kì kì lásán ni, oògùn ò ní jáde. Nígbà tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọ̀gá tuntun tó dé síbi iṣẹ́ wọn yí i kó yára sí i. Òfo! Bàbá Ẹ̀kán pòṣé, ó tú ìdérí kékeré orí pọ́ǹpù, afẹ́fẹ́ jáde fùùù, oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

Ó délé, ó ròyìn ọ̀gá náà fún ìyàwó rẹ̀, tó ti ń bínú látàárọ̀: “Ohun tínú rẹ̀ kún, ṣe ni kéèyàn jẹ́ kó mí!”

“Oúnjẹ dà?” Ìyàwó pa kẹ́kẹ́.

“Mo ní oúnjẹ dà?” Ó tún pariwo sí i.

Ìyàwó wò ó tìyanutìyanu. “Ọ̀gá tuntun, ẹ káàbọ̀.”